Ọwọ́ Ta Ni Àṣírí Aláìsàn Wà? Nígbà Tí Ilé-Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà Wọ Ilé Ìwòsàn

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò nínú oṣù yìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń gbọ́ nínú wáàsí, ṣùgbọ́n ó kan olúkúlùkù wa tó ní fóònù lọ́wọ́, tàbí tó ti gba káàdì ní ilé ìwòsàn rí. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó ń ṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù, tí a mọ̀ mọ́ ìwádìí, ìpolówó àti ọjà títà, ti wọ inú iṣẹ́ ìwòsàn báyìí. Wọ́n ń ra ilé ìwòsàn, wọ́n ń ra ilé oògùn, wọ́n sì ń bá àwọn dókítà ṣe àdéhùn. Ṣé ó yẹ kí èyí kọ wá lóminú?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí gbogbo wa mọ̀. Bí ènìyàn bá jókòó níwájú dókítà, ó máa ń sọ ohun tí kò lè sọ fún ìyá tó bí i. Dókítà á kọ ọ́ sínú fáìlì, wọn á sì gbé fáìlì náà lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó káàdì sí. Ẹni tó bá fẹ́ kà á ní láti wọ yàrá náà, kí ó wá a láàárín eruku. Òtítọ́ ni pé fáìlì máa ń sọnù, ikán sì máa ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí bí ẹnì kan ṣe lè ru fáìlì mílíọ̀nù kan jáde lóru ọjọ́ kan kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ti sọ ìyẹn di ohun tó rọrùn.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ LỌ́ŃDỌ̀NÙ

Ilé-iṣẹ́ kan wà tí ó ń jẹ́ DeepMind. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 2010, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kíkọ́ kọ̀ǹpútà ní ọgbọ́n. Ní ọdún 2014, Google rà á. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, àwọn alákòóso Royal Free tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú DeepMind yìí. Royal Free ló ni ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Hampstead, òun ló sì ń bójú tó ilé ìwòsàn Barnet àti Chase Farm. Àwọn ènìyàn wa tó ń gbé ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù mọ àwọn ibi wọ̀nyí dáadáa.

Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe dára. Àìsàn kíndìnrín kan wà tó máa ń dé lójijì sí ara ẹni tó ti wà lórí ibùsùn nítorí àìsàn mìíràn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè fi í hàn, ṣùgbọ́n bí èsì àyẹ̀wò bá ń jókòó de dókítà tí kò tètè rí i, aláìsàn náà lè bá a lọ. DeepMind ṣe ètò kan sórí fóònù, tí wọ́n sọ ní Streams, èyí tí yóò máa ta dókítà àti nọ́ọ̀sì lólobó ní kété tí èsì bá ti jáde. A kò ní purọ́ mọ́ wọn: àwọn òṣìṣẹ́ tó lò ó yìn ín, wọ́n ní ó dín àkókò tí àwọn fi ń wá èsì kiri kù.

Kí wá ni ẹ̀sùn? Àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn tó tó 1,600,000 ni ilé ìwòsàn náà kó lé ilé-iṣẹ́ yìí lọ́wọ́. Kì í ṣe ti àwọn tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu nìkan. Ẹni tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó wá bímọ wà níbẹ̀, ẹni tó wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn tí kò sì padà wá mọ́ wà níbẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ wọ̀nyí ni a ti lè rí ẹni tó ní kòkòrò HIV, ẹni tó ṣẹ́yún, àti ẹni tó lo oògùn ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè. Ní oṣù kejì ọdún 2016 ni wọ́n kéde fún aráyé pé àwọn jọ ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí àkọsílẹ̀ náà ṣe pọ̀ tó kò hàn síta títí di ìparí oṣù kẹrin ọdún yẹn, nígbà tí ìwé ìròyìn New Scientist gbé ìwé àdéhùn náà jáde.

Ilé ìwòsàn ní àlàyé tirẹ̀, ó sì yẹ kí á gbọ́ ọ. Wọ́n ní bí aláìsàn bá ti wá gba ìtọ́jú, a ti gbà pé ó yọ̀ǹda kí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ rí àkọsílẹ̀ rẹ̀. Kò di dandan kí wọ́n máa bi í ní gbogbo ìgbà. Ọ̀rọ̀ yìí kò burú. Bí a bá gbé aṣọ fún télọ̀, ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ náà yóò rí ìwọ̀n wa, a kì í bá a jà nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n obìnrin àgbà kan tí ìjọba fi ṣe olùṣọ́ àṣírí àwọn aláìsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, Fiona Caldicott, ka ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ó sì rí i pé nígbà tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ náà lọ, ètò orí fóònù yẹn kò tíì máa tọ́jú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán an wò ni. Ẹni tó ń dán ẹ̀rọ wò kò tíì di ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn.

Ní oṣù keje ọdún 2017, Elizabeth Denham, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ní àjọ tó ń ṣọ́ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, dájọ́ pé ilé ìwòsàn Royal Free rú òfin ọdún 1998. Ẹ ṣàkíyèsí ẹni tí ẹ̀bi náà bọ́ sí lórí. Ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe Google, nítorí lójú òfin, ilé ìwòsàn ni olùtọ́jú àkọsílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kàn ń bá a ṣiṣẹ́ ni. Wọn kò bu owó ìtanràn lé ẹnikẹ́ni. Ilé ìwòsàn tọwọ́ bọ̀wé pé òun yóò tún ọ̀nà òun ṣe, iṣẹ́ sì ń bá a lọ.

Ó tún ku ìkan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni DeepMind ti ṣèlérí pé a kò ní so àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn yìí mọ́ Google. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá ọdún 2018, wọ́n kéde pé ẹ̀ka ìwòsàn DeepMind ń lọ sí abẹ́ Google fúnra rẹ̀, ó sì parí ní ọdún 2019. Wọ́n ní ìkáwọ́ ilé ìwòsàn ni àkọsílẹ̀ ṣì wà. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe ìlérí fún wa ní ìdí iṣẹ́ kan lè má jẹ́ òun ni yóò jókòó síbẹ̀ lọ́la, nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ yìí máa ń ra ara wọn, wọ́n sì máa ń gbé ara wọn mì. Ní ọdún 2021, wọ́n pa Streams tì. Àwọn kan tún gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù ní orúkọ gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Kóòtù dà á nù ní ọdún 2023, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì tún dà á nù ní oṣù kejìlá ọdún 2024, wọ́n ní a kò lè gbá gbogbo ènìyàn pọ̀ bí ẹni pé bákan náà ni ohun tó ṣe oníkálukú.

Nínú ẹ̀sìn wa, orúkọ tí irú nǹkan báyìí ń jẹ́ ni àmáánà. Ẹ wo Súrà Nísáì, ẹsẹ 58, kí ẹ wo bí Ọlọ́hun ṣe fi ọwọ́ líle mú un. Bí àgbẹ̀ kan bá fi owó kòkó rẹ̀ pamọ́ sọ́wọ́ aáfà, tí aáfà sì kó o fún ẹni tó fẹ́ gbẹ́ kànga fún ìlú láìbi àgbẹ̀, kànga dára, gbogbo ìlú ni yóò sì mu nínú rẹ̀. Síbẹ̀, owó àgbẹ̀ ni. A ń sọ èyí nítorí àwọn ọ̀rẹ́ wa kan tó máa ń sọ pé níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ bá ti ń gba ẹ̀mí là, ká dákẹ́.

ÀWỌN TÓ Ń RA ARA WỌN

Ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn oníwèé-ìròyìn Wall Street Journal tú u síta pé Ascension, ẹgbẹ́ àwọn ilé ìwòsàn ìjọ Kátólíìkì tó tàn ká ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ń kó àkọsílẹ̀ àràádọ́ta ọ̀kẹ́ aláìsàn fún Google, pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́ ìbí wọn. Àwọn aláìsàn kò mọ̀, ọ̀pọ̀ dókítà kò mọ̀. Ilé-iṣẹ́ méjèèjì ní òfin ọdún 1996 fàyè gbà á, nítorí òfin náà gba ilé ìwòsàn láyè láti fún ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní àkọsílẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ aláìsàn. Ohun tí òfin gbà àti ohun tó tọ́ kì í fi ìgbà gbogbo jẹ́ ọmọ ìyá kan náà.

Ní ọdún 2022, Oracle fi nǹkan bí bílíọ̀nù 28 dọ́là ra Cerner, tó ń ṣe kọ̀ǹpútà tí àwọn ilé ìwòsàn fi ń kọ àkọsílẹ̀ sílẹ̀. Amazon, tó ti ra ilé oògùn PillPack ní ọdún 2018, parí ríra ilé ìwòsàn One Medical ní oṣù kejì ọdún 2023 ní bílíọ̀nù 3.9 dọ́là. Ọlọ́jà tó mọ bàtà tí ẹ ń wọ̀ àti ìwé tí ẹ ń kà ti wá mọ oògùn tí ẹ ń lò.

Google ní tirẹ̀ ra Fitbit, aago ọwọ́ tó ń ka ìlù ọkàn àti oorun ẹni. Kí ìjọba Yúróòpù tó gbà ní oṣù kejìlá ọdún 2020, wọ́n mú kí Google ṣèlérí pé fún ọdún 10 òun kò ní fi ohun tí aago náà bá kà lára àwọn ènìyàn Yúróòpù ṣe ìpolówó ọjà. Ẹni tó bá wọ aago yìí ní Ìbàdàn tàbí ní Kútọ̀nù kò sí nínú àdéhùn yẹn. Google sọ pé òun kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ níbikíbi, ṣùgbọ́n ìlérí ẹnu ilé-iṣẹ́ nìyẹn; èyí tí ìjọba ń ṣọ́ ni ti Yúróòpù.

Ẹ̀yin arábìnrin wa, ti yín tún wà lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń fi fóònù ka ọjọ́ nǹkan oṣù, kí ẹ lè mọ ìgbà tí ìrun padà di dandan fún yín àti iye ààwẹ̀ Ràmàdáànì tí ẹ óò san padà. Ọ̀kan nínú àwọn ètò tí àwọn obìnrin ń lò jù fún èyí ni Flo. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbèjà àwọn oníbàárà fẹ̀sùn kàn án pé, lẹ́yìn tó ti ṣèlérí láti pa àṣírí mọ́, ó ń fi ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin yìí ránṣẹ́ sí Facebook àti Google, títí kan ìgbà tí obìnrin bá lóyún. Flo gbà láti yí ìwà padà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, àwọn aráàlú tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́ ní San Francisco dá Meta, tó ni Facebook, lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Meta kò gbà pé òun jẹ̀bi. Ìwé kékeré àti bírò ṣì lè ka ọjọ́. A kò fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́.

"ÈMI KÒ NÍ OHUN TÍ MO FI PAMỌ́"

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ló sábà máa ń sọ èyí. Ẹ jẹ́ kí á mú jẹ́nótáìpù, tí ọ̀pọ̀ Lèmọ́mù ń béèrè kí wọ́n tó so yìgì. Bí èsì tìrẹ bá jẹ́ AS, ẹni tó bá kà á ti mọ̀ pé ó kéré tán, ọ̀kan nínú bàbá tàbí ìyá rẹ ní S lára, ó sì ti mọ ohun tó ṣeé ṣe kó wà lára àwọn àbúrò rẹ. Bàbá rẹ kò fún ẹnikẹ́ni ní ìyọ̀ǹda. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo.

Àwọn tó lé ní mílíọ̀nù 10 ló ti fi itọ́ ẹnu wọn ránṣẹ́ sí 23andMe, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tí Google wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi owó ràn án lọ́wọ́, kí ó lè sọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá fún wọn. Àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tó ń wá orírun wọn ní ilẹ̀ wa wà lára wọn. Ní ọdún 2023, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì jí ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn tó tó mílíọ̀nù 6.9 níbẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ náà wọ gbèsè, àkọsílẹ̀ ẹ̀jẹ̀ wọ̀nyí sì di ọ̀kan nínú ẹrù tí wọ́n gbé tà. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹni tí wọ́n jí ọ̀rọ̀ àṣírí ìwọlé rẹ̀ lè yí i padà, ṣùgbọ́n ta ni yóò yí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ padà?

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni sá fún ilé ìwòsàn, tàbí kí ó fi àìsàn pamọ́ fún dókítà. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti pa ara rẹ̀ lára ju bí Google ṣe lè pa á lára lọ. Ohun tí a ń sọ ni pé kí á máa béèrè. Bí wọ́n bá ní kí o kọ orúkọ rẹ sórí kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn tàbí ní ibi àyẹ̀wò, bi wọ́n pé ilé-iṣẹ́ wo ló ni kọ̀ǹpútà náà, ta ló tún lè ka ohun tó wà níbẹ̀, àti pé bí ilé-iṣẹ́ náà bá di ti ẹlòmíràn lọ́la ńkọ́? Fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bi wọ́n. Ẹni tó jókòó sídìí tábìlì kọ́ ló ṣe àdéhùn.

Òfin wà lẹ́yìn yín. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 ní Nàìjíríà sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ aláìsàn. Òfin ààbò àkọsílẹ̀ tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 sì ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó nílò ìṣọ́ra jù lọ. Ó fún yín ní ẹ̀tọ́ láti béèrè fún ẹ̀dà ohun tí wọ́n kọ nípa yín, láti ní kí wọ́n tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe, àti láti gba ìyọ̀ǹda yín padà. Ẹni tí ìdáhùn wọn kò bá tẹ́ lọ́rùn lè kọ ìwé ẹ̀sùn sí Àjọ tí òfin yìí gbé kalẹ̀ ní Àbújá. Òfin náà mú ilé-iṣẹ́ òkè òkun pẹ̀lú, bó bá ti ń lo àkọsílẹ̀ ẹni tó wà ní Nàìjíríà. Ní oṣù kejì ọdún 2025, Àjọ yìí kan náà bu owó ìtanràn tó lé ní mílíọ̀nù 32 dọ́là lé Meta, wọ́n sì ti lọ sí kóòtù kí wọ́n tó jọ parí ọ̀rọ̀ náà.