Ẹ kọ́kọ́ wọn omi kí ẹ tó dáwó afárá tuntun

Bí afárá àdúgbò bá já, àwọn ọlọ́jà ló kọ́kọ́ máa ń mọ̀ ọ́n lára. Kí ìjọba tó gbọ́, kí ẹnikẹ́ni tó wá ya fọ́tò, ìyá tó ń ta ẹja dídì lódìkejì odò ti mọ̀ pé ọkọ̀ tó ń gbé páálí ẹja bọ̀ kò ní í rí ọ̀nà gbà. Ọlọ́kadà yóò fi owó kún owó, nítorí pé ọ̀nà tó máa gbà yí po ti jìn. Oníbúrẹ́dì yóò dín iye tó ń yan kù. Àwọn oníbàárà tó ń ti òdìkejì wá yóò wá ẹlòmíràn tí wọn yóò máa rajà lọ́wọ́ rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ náà bá sì pẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní í padà mọ́.

Àwọn ará Ìbàdàn mọ ohun tí à ń sọ. Lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, òjò tó lé ní 180 mílímítà rọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Odò kún àkúnya káàkiri ìlú, omi Ẹlẹ́yẹlé kọjá ààyè rẹ̀, èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló bá a lọ, omi sì gbá ọ̀pọ̀ afárá lọ. Afárá Àpẹ̀tẹ̀ wà lára wọn, èyí tí àwọn tó ń gbé agbègbè Àpẹ̀tẹ̀ àti Awótán ń gbà lọ sí Poli Ìbàdàn àti àárín ìlú. Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Omi Ògùnpa ti ṣe irú rẹ̀ lóṣù kẹjọ ọdún 1980.

Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ àdúgbò kì í dúró de ìjọba mọ́. Bí afárá kékeré bá ti já, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò yóò pèpàdé, wọn yóò bu owó lé onílé, wọn yóò sì bu tàwọn oníṣọ́ọ̀bù lọ́tọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ìyẹn dára. Ibi tí wàhálà wà ni pé irú afárá tí omi gbé lọ gan-an ni wọ́n tún máa ń kọ́ padà, tí òjò ńlá mìíràn yóò tún gbé e. Ohun tí a fẹ́ kí gbogbo oníṣòwò tó ń dáwó mọ̀ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: ọ̀rọ̀ omi àti ìpìlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé lórí, kí ẹ tó ronú ohun tí ọkọ̀ máa gbà kọjá lókè.

Kí ló ń gbé afárá lọ?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹrù ọkọ̀ ló ń ba afárá jẹ́. Fún afárá kékeré tó wà lójú odò, omi lọ̀tá rẹ̀ gan-an, ọ̀nà mẹ́ta ló sì máa ń gbà jà.

Àkọ́kọ́ ni pé àyè abẹ́ rẹ̀ lè kéré. Omi tí kò rí ọ̀nà kọjá yóò dúró lápá òkè, yóò máa ga sí i, títí yóò fi ṣàn gba orí títì. Bó bá ti ń gorí títì, iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n dà sí ìdí afárá lọ́tùn-ún lósì ni yóò kọ́kọ́ kó lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí i pé kọnkéré ṣì dúró láàárín odò, ṣùgbọ́n kò sí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè gbà débẹ̀.

Ẹ̀kejì ni pé omi máa ń wú ìdí òpó. Bí omi púpọ̀ bá fẹ́ gba ojú tóóró kọjá, yóò sáré. Bí eré rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti òpó yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Yóò máa gbẹ́ yanrìn ìdí òpó títí ìpìlẹ̀ yóò fi wà lófìfo. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé bí omi bá ti fà, yanrìn tuntun yóò tún dí ihò náà, ẹni tó bá wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kejì yóò sọ pé kò sí nǹkan kan.

Ẹ̀kẹta ni igi, ọ̀rá àti ìdọ̀tí tó máa ń há sẹ́nu ihò. Afárá tí àyè rẹ̀ tó tẹ́lẹ̀ yóò wá di afárá tí àyè rẹ̀ kò tó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò omi

Ìṣirò yìí kò le ju èyí tí ẹ ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù lọ. Ká ní ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn wá sínú odò yín gùn ní kìlómítà kan, ó sì fẹ̀ ní kìlómítà kan. Ká ní òjò 100 mílímítà rọ̀ síbẹ̀ fún wákàtí kan. Omi tó bọ́ sílẹ̀ jẹ́ 100 mílíọ̀nù lítà, ìyẹn ni pé ó kún ọkọ̀ táńkà alágbà-lítà-10,000 ní ọ̀nà 10,000.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló máa dé odò, ilẹ̀ yóò mu díẹ̀. Ká ní ìdá 60 nínú 100 ló ṣàn dé ìdí afárá láàárín wákàtí náà. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16,700 lítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo.

Ẹ wá wo ríìngì kọnkéré tí ọ̀pọ̀ àdúgbò máa ń rì sábẹ́ títì. Èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní mítà kan, bí omi bá tiẹ̀ ń sáré mítà mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan gba inú rẹ̀, kò lè gbà ju nǹkan bíi 2,350 lítà lọ. Bí ẹ bá rì méjì, 4,700 lítà ni. Kò tó ìdá mẹ́ta ohun tó ń bọ̀. Níbo ni ìyókù máa gbà? Orí títì ni, ó sì máa kó títì náà lọ. Ó tó ríìngì méje tàbí mẹ́jọ kó tó lè gbà á, ìyẹn ni pé ihò oníkọnkéré onígun mẹ́rin tó fẹ̀ dáadáa tàbí afárá gidi ló yẹ ibẹ̀.

Ìṣirò yìí náà ló ṣàlàyé ìdí tí afárá tí àwọn bàbá wa kọ́ fi dúró nígbà tiwọn tí kò fi dúró mọ́. Nígbà tí igbó ṣì wà lókè odò, ó lè jẹ́ ìdá 30 nínú 100 omi òjò ló ń ṣàn wá. Nísinsìnyí tí páànù, ilẹ̀ oníkọnkéré àti títì ọlọ́dà ti gba gbogbo rẹ̀, ilẹ̀ kò rí àyè mu omi mọ́. Òjò lè má pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ, kí omi tó dé abẹ́ afárá sì di ìlọ́po méjì.

Ẹnjinníà tó bá mọṣẹ́ yóò tún bi yín pé omi ọdún mélòó ni ẹ fẹ́ kí afárá yín lè gbà. Omi ọdún mẹ́wàá ni omi ńlá tí ó ṣeé ṣe kó dé ní ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ́dọọdún. Bí ẹ bá kọ́ afárá tí kò lè gbà ju ìyẹn lọ, láàárín ọdún mẹ́wàá, ó ṣeé ṣe ní ìdá 65 nínú 100 kí omi tó jù ú lọ dé. Bó bá jẹ́ omi àádọ́ta ọdún ni ẹ kọ́ ọ fún, ewu náà kò ju ìdá 18 nínú 100 lọ láàárín ọdún mẹ́wàá kan náà. Owó tó yàtọ̀ láàárín méjèèjì ni kí ẹ bi ẹnjinníà, kí ẹ sì fi wé ohun tí ẹ máa pàdánù bó bá tún já.

Ẹ má sì fojú fo ẹ̀rí tó wà nílẹ̀. Ẹ lọ wo ibi tí omi ga dé lára ògiri àwọn ilé etí odò, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà tó ti pẹ́ níbẹ̀, kí ẹ fi ọ̀dà sàmì síbẹ̀ kí ẹnjinníà tó dé. Abẹ́ afárá tuntun gbọ́dọ̀ ga ju àmì náà lọ, kí igi tí omi ń gbé bọ̀ lè rí àyè kọjá.

Ìpìlẹ̀ lowó wà

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ìpìlẹ̀ afárá gbọ́dọ̀ kọjá yanrìn tí omi lè gbẹ́, kó dé ilẹ̀ líle tàbí àpáta. Nítorí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ gbẹ́ ihò láti fi mọ irú ilẹ̀ tó wà lábẹ́ kí wọ́n tó ya àwòrán afárá. Kọngílá tó bá ti sọ iye tó máa gbà kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ilẹ̀ wò, àròsọ ló ń ṣe.

Lẹ́yìn ìpìlẹ̀, ògiri ẹ̀gbẹ́ ló kàn, èyí tó máa ń tẹ̀ bí apá lọ́tùn-ún lósì láti di iyẹ̀pẹ̀ títì mú. Wọ́n á tẹ́ kọnkéré tàbí òkúta sílẹ̀ odò ní ibi tí omi ń wọlé àti ibi tó ń jáde. Àpótí wáyà tí wọ́n kó òkúta kún dára gan-an níbẹ̀, nítorí pé bí ilẹ̀ bá rì díẹ̀, yóò tẹ̀ lé ilẹ̀, kò ní í là bíi kọnkéré.

Ní ti kọnkéré fúnra rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ da omi pọ̀ jù sí i kó lè rọrùn láti pò. Omi àpọ̀jù ń pa agbára sìmẹ́ǹtì. Irin inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìta, kọnkéré tó bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ló yẹ kó bò ó, kó má baà dípẹtà. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa wọ́n omi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Ní ọjọ́ keje, agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ, ọjọ́ 28 ni wọ́n máa ń kà kó tó pé. Mo mọ̀ pé ọjà ń kán yín lójú, ṣùgbọ́n bí típà bá gorí rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, ẹ̀yin lẹ máa san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Kí iṣẹ́ tó parí, pákó tí ẹsẹ̀ lè gbà kọjá lè ran àwọn èèyàn lọ́wọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìjọba àti àwọn ológun náà máa ń lo afárá onírin tí wọ́n ń tò pọ̀, irú èyí tí Donald Bailey, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹ lè béèrè fún un nínú lẹ́tà yín.

Bí ẹ ṣe lè dáàbò bo owó yín

Kí ẹ tó dáwó, ẹ kọ àdánù yín sílẹ̀. Ká ní afárá tó já fi N1,500 kún owó ọkọ̀ oníṣọ́ọ̀bù kan lójúmọ́. Bó bá ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 26 lóṣù, N39,000 ni. Bí ṣọ́ọ̀bù 40 bá wà níbẹ̀, N1,560,000 ni àdúgbò náà ń pàdánù lóṣù, ká má tíì sọ ti oníbàárà tó lọ. Ẹ fi ìṣirò yín gan-an sínú lẹ́tà tí ẹ máa kọ sí ìjọba ìbílẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, fi ṣíṣe ọ̀nà àti ojú àgbàrá àti títọ́jú wọn sára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, nítorí náà ẹ kì í ṣe alágbe.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa kọ́ ọ náà, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, kí ẹ sì lo ẹnjinníà tí COREN mọ̀ sí. Owó tí ẹ máa san fún un kéré gan-an sí owó afárá tí omi gbé lọ. Ẹ gba ìwé tó to gbogbo iṣẹ́ àti iye rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ má san gbogbo owó fún kọngílá lẹ́ẹ̀kan: ẹ san ti ìpìlẹ̀, kí ẹnjinníà wá wò ó kí wọ́n tó bò ó, kí ẹ tó san èyí tó kàn. Bí owó bá fẹ́ dín, ẹ yọ ọ̀dà àti iná orí afárá kúrò. Ẹ má fọwọ́ kan owó ìpìlẹ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é n'Ìbàdàn. Nígbà tí Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún 2014 nítorí ọ̀rọ̀ omíyalé ìlú náà, wọn kò fi mọ sí àtúnkọ́ afárá àti ihò omi nìkan, ètò ọ̀nà omi fún ìlú wà lára iṣẹ́ náà. Ohun tí báńkì ńlá rí pé ó yẹ kóun náwó lé, kó yẹ kí àdúgbò fò ó.

Èyí tó kan àwa ọlọ́jà gan-an

Ọ̀rọ̀ yìí lè má dùn létí. Nígbà tí ẹnjinníà bá wọn odò, ó lè sọ pé kòńténà kan tàbí ìsọ̀ méjì tó wà létí odò ló ń fún omi lọ́rùn. Ó lè jẹ́ tìrẹ. Ẹni tó ti dáwó yóò bínú pé wọ́n tún ní kí òun kó kúrò. Ṣùgbọ́n bí ìsọ̀ náà bá dúró, tí omi sì tún gbé afárá lọ, òun àti ogójì ṣọ́ọ̀bù tó kù ni yóò jọ pàdánù. Ó sàn kí ẹgbẹ́ wá àyè mìíràn fún onítọ̀hún, kí wọ́n sì fi owó tó máa fi kó ẹrù sínú ìṣirò afárá láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bákan náà ni ìdọ̀tí. Ọ̀rá omi àti páálí tí à ń jù sí gọ́tà lálẹ́, abẹ́ afárá ló ń lọ. Kí ẹgbẹ́ ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, kí wọ́n fi kó ìdọ̀tí kúrò lẹ́nu afárá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì wo ìdí òpó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Nítorí náà, bí wọ́n bá pe ìpàdé afárá ládùúgbò yín, kí ẹ tó tọwọ́ bọ àpò, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: Omi mélòó ni afárá yìí lè gbà? Kí ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ dúró lé? Ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀ lọ́dọọdún? Bí kò bá sí ẹni tó lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi lára owó yín pe ẹnjinníà wá.