Orúkọ Ìtọ́ka àti Ọ̀nà Ilé Olùlò Nínú Shell Unix

Ìfáárà

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá kọ́ni ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kò lè ṣàì pàdé ọ̀rọ̀ náà "ilé". Nínú Unix, olúkúlùkù olùlò ni ó ní àpò fáìlì kan tí ó jẹ́ tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ilé rẹ̀. Níbi tí ó wù kí ó rìn dé, bí ó bá ti tẹ cd láìfi ohunkóhun tẹ̀lé e, ilé ni yóò padà sí. Àmì ~ ni wọ́n fi ń gé orúkọ ilé náà kúrú. Shell ni ètò tí ó ń gba àṣẹ lẹ́nu olùlò. Kernel ni ètò tí ó ń darí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé àwọn méjèèjì kì í fi ojú kan náà wo ọ̀nà ilé, àti pé ẹni tí kò mọ èyí lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa iṣẹ́ ẹlòmíràn rẹ́.

Ohun tí orúkọ ìtọ́ka jẹ́

Ní ọdún 1983 ni ẹ̀yà Unix tí a mọ̀ sí 4.2BSD, láti Yunifásítì Kalifọ́níà ní Berkeley, gbé symbolic link jáde. Orúkọ ìtọ́ka ni àpilẹ̀kọ yìí pè é, nítorí pé fáìlì kékeré kan ni, tí kò ní nǹkan mìíràn nínú ju orúkọ ibòmíràn lọ. Ó dà bí àlàjẹ́: bí a bá pe ènìyàn ní àlàjẹ́, ẹni kan náà ni yóò dáhùn. Àfiwé yìí ní ibi tí ó kù sí o, nítorí orúkọ ìtọ́ka lè wà síbẹ̀ nígbà tí ohun tí ó ń tọ́ka sí ti pòórá.

Àpẹẹrẹ gidi wà nínú FreeBSD. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di ìgbà tí ẹ̀dà 14.0 jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, /home kì í ṣe àpò fáìlì gan-an níbẹ̀. Orúkọ ìtọ́ka sí /usr/home ni. Ká ní olùlò kan ń jẹ́ ade. Ilé rẹ̀ ń jẹ́ /home/ade, ṣùgbọ́n /usr/home/ade ni ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ sí. Bí ó bá wà nílé tí ó tẹ pwd nínú bash, ìdáhùn ni /home/ade. Bí ó bá tẹ pwd -P, ìdáhùn ni /usr/home/ade. Kò sí èyí tí ó jẹ́ irọ́ nínú méjèèjì.

Ìdí rẹ̀ ni pé ibi tí olùlò wà ni kernel mọ̀. Kò mọ orúkọ tí ó gbà dé ibẹ̀. Shell ni ó ń rántí ọ̀nà, inú PWD ni ó sì ń kọ ọ́ sí. Ksh, tí David Korn kọ ní Bell Labs, ni ó sọ ìlànà yìí di mímọ̀, ìlànà POSIX sì fi ọwọ́ sí i pé bẹ́ẹ̀ ni kí cd máa ṣe bí olùlò kò bá sọ òmíràn. Nígbà tí shell bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, yóò yẹ PWD tí ó jogún wò: bí ó bá tọ́ka sí ibi tí ó wà lóòótọ́, yóò gbà á, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, orúkọ gidi ni yóò lò.

Lẹ́tà ni shell ń fi wéra, kì í ṣe ilẹ̀. Ìdí nìyí tí bash fi lè gbàgbé ilé. Bí ade bá gba /usr/home/ade wọlé, inú ilé rẹ̀ ni ó wà, síbẹ̀ bash kò ní fi ~ hàn án níwájú ibi tí ó ti ń tẹ àṣẹ, nítorí pé orúkọ náà kò bá ti HOME mu.

Ìyá wo ni àmì méjì ń pè?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn olùkọ́ kan a máa túmọ̀ cd .. sí "padà sẹ́yìn". Ìtumọ̀ náà kò dára tó, nítorí cd - ni ó ń padà sí ibi tí olùlò ti kúrò. Àpò ìyá ni .. ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ ní ìyá méjì. Bí ènìyàn bá fi cd bi shell, alágbàtọ́ ni yóò dárúkọ. Bí ó bá bi kernel, ìyá tí ó bí ọmọ ni. Láti /home/ade, cd ../.. yóò gbé olùlò lọ sí /, ṣùgbọ́n ls ../.. láti ibẹ̀ kan náà yóò ka ohun tí ó wà nínú /usr fún un.

Ká ní ade tún dá orúkọ ìtọ́ka kan sílé, tí ó pè é ní esi, tí ó ń tọ́ka sí /data/esi níbi tí máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà. Ó tẹ cd ~/esi. Ó dán cd .. wò, ó bá ara rẹ̀ nílé, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó padà sínú esi, ó sì tẹ rm ../*.txt láti fi gbá ilé rẹ̀ mọ́. Kò sí fáìlì kan tí yóò kúrò nílé rẹ̀. Inú /data ni ìparẹ́ náà yóò ti wáyé, bí wọ́n bá ti fún un láṣẹ níbẹ̀, nítorí pé cd nìkan ni ó ń fi orúkọ ṣírò .. bẹ́ẹ̀, rm àti gbogbo ìyókù ń gba ti kernel. Bákan náà, cp maaki.txt .. yóò gbé máàkì lọ sí ibi tí kò ní wá a sí.

Shell kò rí bákan náà lórí èyí. Nínú bash, set -P yóò mú kí cd máa tẹ̀lé ilẹ̀ gidi. Zsh ní CHASE_LINKS. Tcsh ní symlinks, tí olùlò lè fún ní chase tàbí ignore. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ó sàn kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ ní pwd -P, kí ó máa tẹ̀ ẹ́ ṣáájú rm èyíkéyìí tí .. bá wà nínú rẹ̀.