Nígbà tí Gègé àti Ọfà Kò Bá Bára Wọn Mu

Ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí pátákó ìyàwòrán ń fi ojú ọ̀pọ̀ nínú wa rí nìyẹn: a ó fi gègé tẹ ibì kan, ìlà yóò sì yọ ní ibòmíràn. Pátákó tí à ń wí ni èyí tí àwọn ọmọ Fine Art ń pè ní tablet, tí a máa ń fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà, tí ó ní gègé tirẹ̀. Bí ó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn á rò pé ọwọ́ òun ni kò dára. Ẹlòmíràn á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, á sì tà á ní ìdajì owó fún ẹni tí ó wà ní yàrá kejì. Ẹni tí ó rà á yóò yí ohun kan ṣoṣo padà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, yóò sì máa yàwòrán lọ.

Ọ̀ràn náà kì í ṣe ti olùyàwòrán nìkan. Ẹni tí ó bá ń fi ọwọ́ kọ Yorùbá lójú kọ̀ǹpútà náà yóò rí i. Bí àmì ìsàlẹ̀ bá yẹ̀ kúrò lábẹ́ lẹ́tà, ọkọ ti di oko nìyẹn, kí ìyàwó ó máa bọ̀ wá bá a níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín gègé yìí àti máòsì. Máòsì kò mọ ibi tí ó wà lórí tábìlì. Bí ẹ bá gbé e sókè, tí ẹ sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ibòmíràn, ọfà ojú kọ̀ǹpútà kò ní kúrò níbi tí ó wà. Gbogbo ohun tí máòsì mọ̀ kò ju pé kí ọfà sún díẹ̀ sí ọ̀tún tàbí díẹ̀ sókè lọ. Gègé kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú pátákó dà bí àwòrán tí àwọn tí ń wọn ilẹ̀ máa ń yà: kò sí ibì kan lórí rẹ̀ tí kò ní ibi tirẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Igun òsì lókè pátákó ni igun òsì lókè ojú kọ̀ǹpútà. Àárín ni àárín. Ẹni tí ń ṣe ìpín yìí ni driver, ìyẹn ètò tí a máa ń gbé sínú kọ̀ǹpútà nítorí pátákó. Bí ìpín bá ti dàrú, gègé kò lè débi tí ó yẹ, bí ó ti wù kí ọwọ́ mọ̀ ọ́n tó.

Kí ẹ tó yí ohunkóhun padà, ẹ dán an wò. Ẹ gbé gègé sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pátákó lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo ibi tí ọfà dé. Bí igun kan tàbí méjì kò bá dé, ìpín ni ó dàrú. Bí ọfà kò bá tilẹ̀ fò lọ sí igun náà, tí ó kàn ń wọ́ lọ láti ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀, a jẹ́ pé wọ́n ti sọ gègé di máòsì: ẹ wá Mouse mode nínú ètò driver, kí ẹ yí i sí Pen mode. Bí ẹ bá lọ sí ọ̀tún tí ọfà gba òsì lọ, tí ẹ lọ sókè tí ó wá sísàlẹ̀, ẹ wo ibi tí a ti ń yan ọwọ́ òsì tàbí ọwọ́ ọ̀tún. Àwọn wọ̀nyí kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún.

Lójú tiwa, ohun tí ó ń dá wàhálà sílẹ̀ jù nílé ẹ̀kọ́ ni projector. Ẹ mú kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ojú rẹ̀ jẹ́ pixel 1366 ní ìbú àti 768 ní òró. Ẹ mú projector tí ó jẹ́ 1024 ní ìbú àti 768 ní òró. Bí a bá so wọ́n pọ̀ ní ọ̀nà Extend, Windows lè tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí pápá kan ṣoṣo tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 2390. Ojú ìyàwòrán Wacom Intuos kékeré sì jẹ́ mìlímítà 152 ní ìbú àti 95 ní òró. Bí driver bá pín 152 yìí fún 2390, mìlímítà 87 péré láti apá òsì ni yóò kan kọ̀ǹpútà yín. 65 tí ó kù ti di ti projector. Ẹ gbé gègé sí àárín gbùngbùn pátákó, ọfà yóò wà ní nǹkan bí 1195, ìyẹn ni pé ó ti ń sún mọ́ etí ọ̀tún kọ̀ǹpútà. Ẹ sún gègé díẹ̀ sí i, ọfà yóò fò sára ògiri níwájú gbogbo kíláàsì, ẹ ó sì máa wá a kiri bí ẹni tí owó rẹ̀ já bọ́ lọ́jà.

Ẹ ṣí ètò driver, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Mapping tàbí Screen Area sí, kí ẹ yan ojú kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ máa wò bí ẹ ti ń yàwòrán. Bí ẹ bá yan projector, ẹ rántí yan kọ̀ǹpútà padà lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ wáyà. Ẹ tún lè tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ P, kí ẹ yan Duplicate, kí ojú méjèèjì lè di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n Duplicate lè yí ìwọ̀n ojú kọ̀ǹpútà padà, èyí sì kan ohun tí a fẹ́ sọ báyìí.

Ọ̀ràn kejì kì í tètè hàn, nítorí pé ọfà ń dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ pín 152 sí ọ̀nà 95, ẹ ó rí 1.6. Ẹ pín 1366 sí ọ̀nà 768, ẹ ó rí nǹkan bí 1.78. Ojú pátákó àti ojú kọ̀ǹpútà kò jọra. Bí driver bá wá na gbogbo ti ọ̀kan lé gbogbo ti èkejì, mìlímítà kan ní ìbú yóò di nǹkan bí pixel 9, ṣùgbọ́n mìlímítà kan ní òró kò ní ju nǹkan bí 8 lọ. Òbìrìkìtì tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 30 yóò di 270 ní ìbú àti nǹkan bí 243 ní òró. Ẹyin lẹ yà yẹn. Bí orí idẹ Ifẹ̀ ni ẹ ń wò yà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò wú bí ti ẹni tí eyín ń dùn. Àwọn kan ní kí a fi í sílẹ̀, pé ọwọ́ yóò mọ́ra. Àwa kò gbà pẹ̀lú wọn, nítorí ọwọ́ tí ó bá ti mọ ìwọ̀n èké lára yóò tún ṣìnà nígbà tí ó bá bọ́ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Nínú driver Wacom, ẹ mú Force Proportions. Nǹkan bí mìlímítà 85 ni yóò máa lò ní òró, 10 yóò sì wà láìṣiṣẹ́. Ẹ má ka èyí sí àdánù. Bí driver tiyín kò bá ní irú rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ yín kọ òró náà síbi tí a ti ń yan ojú ìyàwòrán: 152 lọ́nà 768, kí ẹ pín in sí 1366.

Bí ó bá wá jẹ́ pé ọfà ń lọ déédéé níbi gbogbo, tí ó jẹ́ inú ètò ìyàwòrán kan ṣoṣo ni ìlà ti ń yẹ̀, ẹ fi pátákó sílẹ̀. Ẹ wo Display nínú Settings ti Windows bóyá Scale wà ní 125% tàbí 150%. Ètò àtijọ́ tí kò mọ̀ pé a ti sọ nǹkan di ńlá lè máa ka 1000 sí 800. Àmì tí ẹ ó fi mọ̀ ni pé àṣìṣe náà kéré lápá òsì lókè, ó sì ń pọ̀ sí i bí ẹ ti ń lọ sí ọ̀tún nísàlẹ̀. Ẹ dá Scale padà sí 100%, kí ẹ dán an wò. Bí ó bá tọ́, òun náà ni. Ọ̀nà méjì ni Krita sì lè gbà gbọ́ ọ̀rọ̀ gègé lórí Windows: WinTab àti Windows Ink. Inú Configure Krita, lábẹ́ Tablet settings, ni a ti ń yan èyí tí a fẹ́. Bí ọ̀kan bá ń ṣe ségesège, ẹ yan èkejì, kí ẹ ti Krita pa, kí ẹ tún un ṣí.

Àwọn pátákó kan wà tí àwòrán ń hàn lójú tiwọn gan-an. Àwọn wọ̀nyí nìkan ni Calibrate wúlò fún. Ẹ jókòó bí ẹ ti máa ń jókòó yàwòrán kí ẹ tó tẹ àwọn àmì tí yóò gbé jáde, nítorí pé dígí wà láàárín ṣóńṣó gègé àti àwòrán, bí orí yín bá sì ti yí ipò padà, ibi tí ojú rò pé ṣóńṣó wà yóò yí padà pẹ̀lú.

Pípààrọ̀ ṣóńṣó gègé kò wo ọfà tí ó yẹ̀ sàn. Bí ọfà bá ń gbọ̀n, irin tí ó wà lábẹ́ pátákó tàbí ṣájà tí ó wà nítòsí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé kúrò. Bí ẹ bá sì ti lo pátákó ilé iṣẹ́ mìíràn rí lórí kọ̀ǹpútà náà, ẹ yọ driver rẹ̀ kúrò pátápátá, ẹ pa kọ̀ǹpútà kí ẹ tún un tàn, kí ẹ tó gbé tuntun wọlé. Driver méjì lórí kọ̀ǹpútà kan máa ń jà.