Bí Ohùn Wáàsí Ṣe Lè Mọ́ Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

Ní 1963 ni iléeṣẹ́ Philips gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde. Nígbà tí ó fi di àárín 1980 sí 1999, òun ni ó ń gbé ohùn àwọn àáfà wọ ilé tí ẹsẹ̀ wọn kò dé ní Ṣómólú àti Bàrígà. Ọ̀pọ̀ wọn ti papòdà, ohùn wọn ló kù.

Àwa olùkọ́ ilé kéú mọ̀ pé amánà ni ọ̀rọ̀ àáfà. Bí ariwo bá bo "kò" mọ́lẹ̀ nínú "kò tọ́", olùgbọ́ lè gbọ́ ọ sí "ó tọ́", haràámù á sì di haláálì létí rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ gba wáàsí sínú kásẹ́ẹ̀tì òfìfo, kí ó ṣọ́ nǹkan márùn-ún.

Èkínní, C60 ń gba ìṣẹ́jú 30 lójú kan, C90 ń gba 45, C120 ń gba 60. Téèpù C120 fẹ́lẹ́ jù, ó tètè ń lọ́. Ẹ mú C60 tàbí C90.

Èkejì, ẹ fi òwú àti sìpírítì nu irin tí téèpù ń fi ara kàn nínú ẹ̀rọ, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ. Ìdọ̀tí ibẹ̀ ló ń mú ohùn dà bí ti ẹni tí a faṣọ bò lẹ́nu.

Ẹ̀kẹta, bátìrì tí ó ti rọ ń mú kí ẹ̀rọ falẹ̀. Bí a bá gbé kásẹ́ẹ̀tì náà sínú ẹ̀rọ tí ó pé, àáfà á máa sáré sọ̀rọ̀ bí ọmọdé.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀rọ púpọ̀ ló ń fúnra rẹ̀ gbé ohùn sókè. Bí àáfà bá dákẹ́ díẹ̀, fáànù àti jẹnẹrétọ̀ ni yóò gbà. Ẹ gbé maikirofóònù sún mọ́ ẹnu àáfà. Ẹ má gbé ẹ̀rọ sídìí lasípíkà.

Ìkarùn-ún, ìbẹ̀rẹ̀ téèpù kì í gba ohùn. Ẹ jẹ́ kí ó yí díẹ̀ kí àáfà tó bẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, "Bismillah" ni yóò sọnù.

Bí ẹ bá parí, ẹ ṣẹ́ etí méjì tí ó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni má baà gba orin lé wáàsí lórí. Bí ẹ ó bá dà á kọ, láti ara ojúlówó ni kí ẹ ti dà á. Ẹ̀dà inú ẹ̀dà, ariwo ló ń pọ̀ sí i. Ojúlówó náà ni kí ẹ gbà sínú kọ̀ǹpútà, nítorí téèpù a máa gbó.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí a jíṣẹ́ amánà náà bí ó ti yẹ. Àmín.