Ṣé ìwé lásán ni àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn?

Ìbéèrè: Àǹfààní wo ni Àdéhùn Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Áfíríkà ń ṣe fún mẹ̀kúnnù?

Ìdáhùn: Ó ń ṣe púpọ̀. Lọ́dún 1983 ni Nàìjíríà ti sọ ọ́ di òfin ilẹ̀ wa. Nígbà tí ìjọba ológun Abacha ti gbajúmọ̀ agbẹjọ́rò Gani Fawehinmi mọ́lé lọ́dún 1996, àdéhùn yìí ni àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ gbára lé. Lọ́dún 2000, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé bí òfin mìíràn bá tako àdéhùn náà, àdéhùn ni yóò lékè. Ìwé òfin ilẹ̀ nìkan ló jù ú lọ. Ìdájọ́ ńlá nìyẹn! Ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ wà ní abala 17 àdéhùn náà. Bí wọ́n bá lé ọmọ yín nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba nítorí owó, ẹ má dákẹ́, ẹ wá agbẹjọ́rò.