Igi gbólóhùn Yorùbá lórí GitHub: bí a ṣe lè tún un ṣe

Nínú ẹ̀kọ́ síńtáàsì, gbogbo wa la ti ya igi gbólóhùn sínú ìwé, tí olùkọ́ sì fi báírò pupa tún un ṣe. Lẹ́yìn ìdánwò, ìwé náà á di ohun tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀pà. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa irú igi mìíràn, èyí tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe, tí àtúnṣe rẹ̀ kì í sì í sọnù.

Iṣẹ́ tí a ní lọ́kàn ni Universal Dependencies, tí a ó máa pè ní UD. Ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2015 pẹ̀lú èdè 10. Lónìí, èdè inú rẹ̀ ti ju 150 lọ, Yorùbá sì wà níbẹ̀. Àpò ti Yorùbá ń jẹ́ UD_Yoruba-YTB. Inú Bíbélì Yorùbá àti Wikipedia èdè Yorùbá ni wọ́n ti mú gbólóhùn inú rẹ̀. Ẹni tó bá ti ka Lucien Tesnière, tí ìwé rẹ̀, Éléments de syntaxe structurale, jáde ní ọdún 1959, kò ní ṣe àjèjì sí èrò tó wà nídìí iṣẹ́ yìí: ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀gá tí ó rọ̀ mọ́, àfi ẹyọ kan tí í ṣe gbòǹgbò.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Àwọn gbólóhùn wọ̀nyí wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ fi ń dán ẹ̀rọ wò. Bí wọ́n bá sọ pé ẹ̀rọ kan lè tú gbólóhùn Yorùbá, wọn á gbé irú àpò yìí ka iwájú rẹ̀, wọn á sì ka iye èyí tó gbà. Bí àṣìṣe bá wà nínú àpò, ẹ̀rọ tó tú gbólóhùn náà bó ṣe yẹ ni wọn yóò fún ní òdo. Ta ni yóò sì rí àṣìṣe náà bí kì í bá ṣe ẹni tó gbọ́ Yorùbá, tó sì mọ gírámà?

Ẹ jẹ́ kí a wo bí igi náà ṣe rí nínú fáìlì. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà lórí ìlà tirẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní òpó 10 tí a fi Tab yà sọ́tọ̀. Òpó kìíní ni nọ́ńbà ọ̀rọ̀, èkejì ni ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, òpó keje ń sọ nọ́ńbà ọ̀gá rẹ̀, ìkẹjọ sì ń sọ irú ìbátan tó wà láàárín wọn. Ká mú gbólóhùn kan tí àwa fúnra wa hun: Ó mú ìwé wá. Ká ní ẹnì kan ti fi conj so «wá» mọ́ «mú», bí ẹni pé ọ̀rọ̀ asopọ̀ kan wà láàárín wọn tí a kò pè. Àwa tí a ti kà nípa ọ̀rọ̀-ìṣe asínpọ̀ mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀: olùwà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń sọ pé *Ó mú ìwé àti wá. UD ní orúkọ fún irú ìbátan yìí, compound:svc. Àtúnṣe náà yóò rí báyìí:

-4 wá wá VERB _ _ 2 conj _ _
+4 wá wá VERB _ _ 2 compound:svc _ _

Ìlà kan jáde, ìlà kan wọlé. Ohun tí à ń pè ní diff nìyí.

Irinṣẹ́ tó ń fi í hàn wá ni git, tí Linus Torvalds ṣe ní oṣù Kẹrin ọdún 2005 fún iṣẹ́ Linux. Bí a bá fi git clone gbé àpò kan sórí kọ̀ǹpútà wa, gbogbo ìtàn rẹ̀ ló bá a wá: ẹni tó yí ìlà kan padà, ọjọ́ tó yí i, àti ìdí tó kọ sílẹ̀. Nítorí náà, íntánẹ́ẹ̀tì kò pọn dandan àfi nígbà tí a bá ń gbé e wọlé àti nígbà tí a bá ń dá a padà. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ra mégà lójoojúmọ́, èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Ìgbésẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Lórí GitHub, a ó ṣe fork, ìyẹn ẹ̀dà àpò náà lábẹ́ orúkọ tiwa. A ó clone ẹ̀dà yìí, a ó bọ́ sórí ẹ̀ka tó ń jẹ́ dev, a ó ya ẹ̀ka tiwa láti ara rẹ̀, a ó tún ìlà náà ṣe. Lẹ́yìn náà ni git add, git commit, git push, kí a tó ṣí pull request, tí í ṣe ẹ̀bẹ̀ sí àwọn olùtọ́jú àpò pé kí wọ́n gba àtúnṣe wa wọlé. Ẹ má ṣe fojú fo dev o. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni UD ń gbé ẹ̀dà tuntun jáde, ní oṣù Karùn-ún àti oṣù Kọkànlá. Ìgbà yẹn ni ohun tó wà nínú dev máa ń bọ́ sínú master. GitHub sì máa ń fi àmì sí i fúnra rẹ̀ pé kí master nìkan bá fork wá. Ẹ yọ àmì yẹn kúrò.

Ibi tí àwa tí a ń kọ Yorùbá ti gbọ́dọ̀ la ojú sílẹ̀ jù lọ nìyí. Git kò gbọ́ Yorùbá. Báìtì ló ń kà. Lẹ́tà ẹ́, tí ojú wa rí bí ẹyọ kan, lè jẹ́ U+1EB9 tí U+0301 tẹ̀lé. Ó lè jẹ́ e lásán tí U+0323 àti U+0301 tẹ̀lé. Ó tún lè jẹ́ U+00E9, é àwọn Faransé tó wà lórí kíbọ́ọ̀dù AZERTY wa, tí U+0323 wá tẹ̀lé. Lójú wa, ọ̀kan náà ni; lójú git, mẹ́ta ni. Bí ètò tí a fi ń kọ̀wé bá yí gbogbo fáìlì láti irú kan sí òmíràn nígbà tí à ń fi í pamọ́, diff á kún fún ìlà tó jáde àti ìlà tó wọlé, tí wọ́n jọra bí ìbejì, àtúnṣe kan ṣoṣo tí a fẹ́ ṣe á sì rì sáàárín wọn. Bí olùtọ́jú bá kọ̀ ọ́, kò jẹ̀bi. Bó bá gbà á, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí láti ìgbà náà lọ, git blame yóò máa pe orúkọ wa lórí iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ṣe.

Òfin UD lórí èyí kò lọ́jú pọ̀: UTF-8, NFC, àti LF nìkan ní òpin ìlà. Ní NFC, àkọ́kọ́ nínú àwọn ẹ́ mẹ́ta yẹn ló tọ̀nà. Ṣùgbọ́n NFC kò lè yí ilà òró, U+0329, tí àwọn kan ń fà sábẹ́ lẹ́tà, padà sí àmì tó-tó U+0323. Ọwọ́ la ó fi tún ìyẹn ṣe. (Àkọtọ́ ɛ àti ɔ tí wọ́n kọ́ wa ní Benin, tí ọ̀pọ̀ ń bú, sàn jù níbí: ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti kọ ɛ́.) Kí a tó commit, kí a pe git diff, kí a sì ka ìlà. Bí ìlà tó yí padà bá ju èyí tí ọwọ́ wa kàn lọ, git restore á dá fáìlì padà sí bó ṣe wà. UD tún ní ètò kan, validate.py, tó ń yẹ fáìlì wò.

Ọ̀rọ̀ tí a ń kọ mọ́ commit náà ṣe pàtàkì. «Mo tún àṣìṣe ṣe» kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń kà á ní Prague. Ìlà àkọ́kọ́ kúkúrú, lẹ́yìn rẹ̀ ẹ̀rí: olùwà kan, kò sí asopọ̀, gbólóhùn oníràwọ̀ tí a fi hàn lókè. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń jíròrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ilé-ìwé wa tó o ṣe. Kí a má kó ọ̀ràn méjì pọ̀ sínú pull request kan. Bó bá sì jẹ́ pé ìlànà fúnra rẹ̀ la fẹ́ bá wọn jà lé lórí, issue ni ká kọ́kọ́ ṣí.

Gbogbo èyí dá lórí Yorùbá àjùmọ̀lò. Ti Ṣábẹ̀ẹ́ ńkọ́, ti Ìdáàṣà, ti Ifẹ̀ ní Togo? Kóòdù èdè ni orúkọ fáìlì UD fi ń bẹ̀rẹ̀, bíi yo_ytb-ud-test.conllu. ISO 639-3 sì fún Ṣábẹ̀ẹ́ ní cbj, ó fún Ìdáàṣà ní idd, ó fún Ifẹ̀ ní ife, bí ẹni pé èdè ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ ya igi gbólóhùn Ṣábẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ yàn kó tó kọ ìlà kan: ṣé yo ni tàbí cbj? Àwọn kan nínú wa ní yo ni, kí ẹ̀rọ má bàa pín ọmọ ìyá níyà. Àwọn kan ní cbj ni, nítorí pé bí a bá kó o sábẹ́ yo, ohun tó yàtọ̀ nínú ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wa ni ẹ̀rọ yóò máa kà sí àṣìṣe. A kò tíì fẹnu kò.