Ẹ Kọ Ọ́ fún Ẹni Tó Fẹ́ Náwó

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ̀wé nípa fóònù, kọ̀ǹpútà àti gèèmù, tí ẹ jókòó sí Ìgándò tàbí Ẹ̀gbẹ̀dá tí ẹ ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí olóòtú tí ẹ ò fojú rí rí, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, láti ìgbà tí owó síìmù káàdì kan ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà lọ lọ́dún 2001. Ohun tí mò ń rí nínú ìwé yín ni pé ọ̀pọ̀ yín ń kọ ọ́ bí ẹni pé iléeṣẹ́ tó ṣe fóònù ló máa kà á. Ẹ ń ka ohun tó wà lára páálí fún un. Ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ni obìnrin tó ń ta aṣọ lọ́jà Ìkòtún, tó ti ń dá àjọ láti oṣù mélòó kan kó lè ra fóònù kan ṣoṣo, tí kò sì ní rówó ra òmíràn bí èyí bá já a kulẹ̀.

Àwọn tó ń kọ̀wé láti London àti Amẹ́ríkà mọṣẹ́, irinṣẹ́ wọn sì dára ju tiwa lọ. Àmọ́ wọn kì í gbé Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ wa níbí. Kò sí ìjọba ìbílẹ̀ tó lérò tó o ní gbogbo Èkó: ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn 1,277,714 níbẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ní ìyẹn kéré, pé wọ́n ju mílíọ̀nù méjì lọ. Gbogbo wọn ló ń fa nẹ́tíwọ́kì lẹ́ẹ̀kan náà bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Kí ni àǹfààní pé ẹ dán íntánẹ́ẹ̀tì fóònù wò láàárọ̀ nínú yàrá yín? Ẹ gbé e lọ sí ìdí ráńdábáòtù Ìkòtún ní aago méje alẹ́, kí ẹ pe èèyàn, kí ẹ gbìyànjú láti fowó ránṣẹ́. Ẹ fi sápò nínú dánfó láti Ìyànà Ìpájà lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú àwòrán ojú ọ̀nà ní títàn, kí ẹ wá fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀. Ẹ yàwòrán àwọn ará ilé nígbà tí NEPA bá ti mú iná lọ.

Ohun tí mò ń sọ yìí ti sọ àwọn kan di olówó. Transsion, iléeṣẹ́ Ṣáínà tó ni Tecno, Infinix àti Itel, gba ọjà Áfíríkà nítorí pé ó wo bí a ṣe ń gbé: ó fàyè síìmù méjì sílẹ̀, ó fi báńtìrì tó ń pẹ́ sí i, ó sì tún kámẹ́rà ṣe kó lè mú àwọ̀ dúdú dáadáa. Bí àwọn tó wà ní Shenzhen bá wò wá tó báyẹn, ojú wo ló yẹ kí ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àárín wa máa fi wò wá?

Ẹ kọ́ ìṣirò. Ibẹ̀ ni mo ti ń mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó ń da ọ̀rọ̀ páálí kọ. Ẹ mú power bank tí wọ́n kọ 10,000 mAh sí lára. Ìwọ̀n báńtìrì inú rẹ̀ nìyẹn, ní volt 3.7. Bó bá fẹ́ jáde lẹ́nu USB, ó gbọ́dọ̀ di volt 5. Ẹ fi 3.7 sọ 10,000 di púpọ̀, ẹ fi 5 pín in, 7,400 ló kù. Ooru àti wáyà á tún jẹ nínú rẹ̀, èyí tó máa dé inú fóònù á wà láàárín bí 6,000 sí 6,500. Ẹni tó bá pe olùtajà lólè nítorí 6,000 kò mọṣẹ́. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ ìwọ̀n kékeré tí wọ́n ń tà ní ọjà Computer Village n'Íkẹjà wọ̀n ọ́n, tó rí 3,000, tó sì dákẹ́, ìyẹn burú jùyẹn lọ. Irú rẹ̀ náà ni fóònù tí wọ́n kọ RAM 16GB sí gàdàgbà. Ẹ wò ó dáadáa, 8+8 ni. Mẹ́jọ àkọ́kọ́ ni RAM gidi, ìyókù jẹ́ àyè tí wọ́n yá nínú ibi ìkẹ́rùsí, kò sì lè yára bíi RAM láéláé. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ní gbólóhùn kan.

Kí ẹ tó parí ìwé yín, ẹ lọ bá àwọn énjíníà tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ agboòrùn. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ ra omi tútù fún wọn, ẹ má dá wọn dúró nígbà tí oníbàárà bá wà níwájú wọn. Ẹ béèrè pé èló ni ojú fóònù yìí bó bá fọ́, ṣé ó wà lọ́jà, ibo ló sábà máa ń bàjẹ́ lára rẹ̀. Kò sí olóòtú London kankan tó ní irú ìmọ̀ yìí lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ tí ìjọba Èkó ti ń sọ pé òun máa kó Computer Village kúrò ní Ìkẹjà wá sí Katangọ́wá, lápá Abúlé Ẹ̀gbá. Ìgbà yòówù kí ìyẹn ṣẹlẹ̀, kí ẹ ti mọ àwọn tó wà nítòsí yín.

Ẹ máa kọ iye ọjọ́ tí ẹ fi lo nǹkan. Nígbà tí Samsung gbé Galaxy Note 7 jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, àwọn tó ń kọ̀wé yìn ín lọ́tùn-ún lósì. Kó tó di oṣù Kẹwàá, báńtìrì rẹ̀ ti ń gbiná, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn dá a padà, wọn ò sì ṣe é mọ́. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa, àsìkò tí wọ́n fi lò ó ló kéré. Ní ọdún 2019, ọ̀rọ̀ yí padà: láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni Galaxy Fold ti bàjẹ́ mọ́ àwọn òǹkọ̀wé kan lọ́wọ́, àwọn kan nínú wọn ti bó rọ́bà ojú rẹ̀ tí wọ́n rò pé ìbòjú lásán ni. Ìròyìn wọn ló mú kí Samsung sún ọjà náà síwájú di oṣù Kẹsàn-án. Ní Ìkòtún, a kì í tètè bó rọ́bà ojú fóònù tuntun, nítorí náà bóyá tiwa ì bá pẹ́ díẹ̀.

Ní ti gèèmù, ẹ béèrè ohun tí wọn ò fún yín. Kí Cyberpunk 2077 tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ti kọ̀ǹpútà ni wọ́n fún àwọn òǹkọ̀wé, wọn ò fún wọn ní ti PS4. Oríyìn ti gba ìgboro kan kí ẹni tó ra ti PS4 tó rí i pé gèèmù náà ń dákú lójú òun. Sony tó ni PS4 yọ ọ́ kúrò lórí àtẹ rẹ̀ lóṣù yẹn gan-an, kò sì padà síbẹ̀ títí di oṣù Kẹfà ọdún 2021. PS4 ló ṣì wà ní ọ̀pọ̀ ilé gèèmù ní Ẹ̀gbẹ̀dá. Ẹ jókòó ti àwọn ọmọ yẹn, kí ẹ sì kọ iye dátà tí gèèmù máa jẹ kó tó ṣí. Ẹ má fojú fo ti ilé náà: Maliyo ti ń ṣe gèèmù l'Ékòó láti ọdún 2012, Abíọ́lá Ọláníran tó kàwé ní Ifẹ̀ dá Gamsole sílẹ̀ nígbà yẹn náà, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìgbà ni wọ́n sì ti wa gèèmù rẹ̀ jáde.

Wọ́n á fún yín lówó mọ́tò níbi ìfilọ́lẹ̀ fóònù. Àpòòwé kékeré kan ni, wọ́n á ní kò ju ti ọkọ̀ lọ. Ẹ má gbà á. Ẹnu tó ti jẹ dòdò kì í lè sọ òdodo. Fóònù tí wọ́n bá yá yín, ẹ sọ fún òǹkàwé pé wọ́n yá yín ni, kí ẹ sì dá a padà. Bó bá jẹ́ ìpolówó ni wọ́n gbé fún yín, iṣẹ́ gidi lòun náà, ẹ kọ gàgàrà sókè rẹ̀ pé ìpolówó ni. Iléeṣẹ́ kan wà tí kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi mọ́ láti ìgbà tí mo kọ ọ́ pé kámẹ́rà rẹ̀ kì í ríran lálẹ́. Èyí tó tẹ̀ lé e, mo fowó ara mi rà á, mo lò ó, mo tún tà á bí àlòkù. Owó tó bọ́ sọnù níbẹ̀ kò tó ohun tí olóòtú san fún mi.

Iye owó kì í dúró. Lẹ́yìn tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kúrò ní náírà irínwó ó lé, ó fò kọjá 1,500 lọ́dún 2024. Ẹ máa kọ ọjọ́ tí ẹ béèrè owó ọjà àti ibi tí ẹ ti béèrè. Tiyín náà ńkọ́? Bí olóòtú bá ń san dọ́là, ẹ jẹ́ kó wà nínú àdéhùn pé dọ́là ni. Bó bá jẹ́ náírà ni, ẹ fi epo gẹnẹ́rétọ̀ àti dátà sí i kí ẹ tó dá iye, ẹ kọ ọjọ́ tí owó máa wọlé sílẹ̀, kí ẹ sì ní kó san ìdajì kí ẹ tó tú páálí.